Irọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Wa Pa

Màámi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi le koko.

Ọ̀gá wa, olódo tó ń pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà, so ẹ̀rọ tó ń wọn agbára tí epo fi ń ṣàn lọ sí ẹ́ńjìnnì mọ́ ọkọ̀ oníbàárà kan. Nọ́ńbà ẹ̀rọ mìíràn ló wá tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tó ń ka ìwọ̀n náà, ni kọ̀ǹpútà bá ń ṣì í kà.

Mo ní, "Ọ̀gá, epo tó ń dé ẹ́ńjìnnì ò tó. Irọ́ ni kọ̀ǹpútà yìí ń pa."

Ó ní, "Ìwọ tó ń nulẹ̀?"

Màámi, àwàdà ló ń bá mi ṣe o, ẹ má kà á sí.

Ó wa ọkọ̀ náà jáde, ẹ́ńjìnnì jóná. Ọ̀gá ọlọ́gbọ́n wá ní èmi ni mo fọwọ́ kàn án.

Láti ọjọ́ Ajé ló ti ní kí n lọ máa sinmi nílé. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ ní mi ò gbàgbé iṣẹ́ mẹkáníìkì tí wọ́n kọ́ mi.