Màmá Oníbéèrè: Télọ̀ Tó Di Alátùn-únṣe Máṣíìnì

Ọdún 1949 ni wọ́n bí màmá wa, nínú ilé oníyàrá méjì lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Bàbá wọn ń tọ́jú ojú irin, ìyá wọn ń fọ aṣọ fún ẹlòmíràn. Ọmọ kẹta nínú mẹ́fà ni wọ́n. A kò ní sọ pé ìdílé ọlọ́lá ni. Ìdílé òṣìṣẹ́ ni.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ní 1956, wọ́n sì ṣe ọdún mẹ́rin níbẹ̀. Owó ló tán, kì í ṣe ọpọlọ. Olùkọ́ ló kọ́kọ́ pè wọ́n ní Oníbéèrè. Aago kan ṣoṣo tó wà nílé ni wọ́n tú palẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ń ké nínú rẹ̀. Wọ́n jẹgba lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n aago náà tún ṣiṣẹ́.

Ní 1963, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Ní 1970, wọ́n fẹ́ bàbá wa, káfíńtà tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu wọn. Àwọn aládùúgbò a máa ní tọkọtaya náà bára mu: ẹnì kan ń béèrè, ẹnì kejì kì í dáhùn. Bàbá ṣaláìsí ní 1988, wọ́n fi ọmọ mẹ́rin àti àpótí irinṣẹ́ kan sílẹ̀.

Ní 1994, ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan dé àdúgbò. Ó ní kí àwọn obìnrin kó ara wọn jọ ní mẹ́wàá mẹ́wàá, kí wọ́n sì dúró fún ara wọn. Ẹni tí kò bá rí san, ẹgbẹ́ yóò gba ohun tó fi owó náà rà. Màmá kó ẹni mẹ́sàn-án mọ́ra, wọ́n kọ́ wọn ní télọ̀ fún oṣù mẹ́ta, gbogbo wọn yá owó ra máṣíìnì. Inú akọ̀wé ilé-iṣẹ́ náà dùn, ó ya fọ́tò.

Àṣìṣe nìyẹn, àṣìṣe Màmá sì ni. Télọ̀ mẹ́wàá lójú pópó kan ṣoṣo! Oníbàárà kan á yọjú, ẹni mẹ́wàá á máa pè é. Owó iṣẹ́ ń wálẹ̀ títí ẹnì kan fi ní òun á rán ṣòkòtò, òun á tún fún oníbàárà lówó ọkọ̀. Ní 1995, ẹgbẹ́ gba máṣíìnì lọ́wọ́ ẹni tó kéré jù nínú wọn, tí kò rí owó san, ẹni tí a ń pè ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Màmá ló fọwọ́ síwèé. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò bú ẹnikẹ́ni. "Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi," nìkan ló sọ. Ó kó kúrò ládùúgbò lọ́sẹ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí Màmá sùn. Wọ́n lọ ń jókòó níwájú ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn, wọ́n ń wo aṣọ lára èèyàn. Ibo ló ti kọ́kọ́ ń ya? Ta ló ń tún un ṣe? Kí ló dé tí nọ́ọ̀sì fi ń fi pínnì so aṣọ iṣẹ́? Wọ́n padà wá pín iṣẹ́: àwọn kan mú aṣọ ilé-ìwé, àwọn kan aṣọ nọ́ọ̀sì, ẹnì kan síìpù àti bọ́tìnnì, ẹnì kan aṣọ fèrèsé, ẹnì kan ń ta òwú àti abẹ́rẹ́.

Àwọn obìnrin náà bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá?"

Màmá ní, "Bí máṣíìnì yín bá bàjẹ́, ta lẹ ń gbé e fún?"

Kò sí alátùn-únṣe máṣíìnì kankan ládùúgbò. Bí Màmá ṣe gbé àpótí irinṣẹ́ ọkọ wọn jáde nìyẹn, tí wọ́n di alátùn-únṣe, tí wọ́n sì fi ìránṣọ tí wọ́n fẹ́ràn sílẹ̀. Ní 1997, àwọn mẹ́sàn-án tó kù san gbèsè tán. Kò sẹ́ni tó di olówó nínú wọn. Òrùlé wọn kò jò mọ́, ọmọ wọn kàwé.

Màmá gbàgbọ́ nínú Ọlọ́run. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń gbá ilé ìjọsìn, wọ́n sì máa ń bi oníwàásù léèrè ọ̀rọ̀ títí ó fi ń gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde.

Wọ́n sùn nínú Olúwa ní 2023, lẹ́ni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Wọ́n fi ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá àti àbúrò kan sílẹ̀.

Màmá wá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ títí, wọn kò rí i. Bó bá wà láàárín yín lónìí, ìjókòó rẹ̀ wà níwájú, láàárín àwa ọmọ. Máṣíìnì tí ẹgbẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ wà nílé, Màmá ti tún un ṣe dè é. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ń fi epo sí i lóṣooṣù. Kì í ṣe ẹ̀bùn. Ohun-ìní rẹ̀ ni.

Ẹ sùn re, Màmá. Àwa la máa gbé e lé e lọ́wọ́.