Ọ̀nà Mọ́tò Tó Dé Ẹnu Ilẹ̀kùn Wa

Ilé Sùlèímọ́nù Àkànní,
Ẹ̀yìn Ọjà, Ifọ̀.
Oṣù Kẹfà, ọdún 2008.

Sàúdátù ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé ní Àbújá níbẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ọba ń lọ déédéé? Ṣé mọ́tò kò yọ ọ́ lẹ́nu? Bí o bá bi wá, àwa náà ń bẹ, a dúpẹ́. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀, kì í pe orúkọ mi mọ́ kí ó tó dìde. Adìyẹ rẹ̀ funfun yẹn ti pamọ, gbogbo ọmọ ló yè.

Má bínú pé ìwé ni mo kọ dípò kí n pè ọ́ lórí fóònù tí o rà fún mi. Fóònù náà dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi gùn, fóònù a sì máa jẹ owó bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Lánàá mo tiẹ̀ ní kí n pè ọ́, wọ́n ní Nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Mo béèrè ìgbà tó máa dé, kò sẹ́ni tó mọ̀. N kò mọ ọmọ ẹni tí Nẹ́tíwọ̀kì yìí í ṣe, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ jọ ti bíríkìlà: ìgbà tí a bá ń wá a gan-an ni kì í sí nílé.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí: a ti ṣe ọ̀nà mọ́tò. Láti etí títì títí dé ẹnu ilẹ̀kùn pálọ̀ wa, kọnkéré gidi ni.

O rántí bí ojú wa ṣe rí nígbà Ìtúnu Ààwẹ̀ tí o kọ́kọ́ gbé mọ́tò wálé. Òjò ti rọ̀, ẹrẹ̀ iwájú ilé wa gbé táyà rẹ mì, àwọn géńdé àdúgbò ló bá wa tì í jáde, o wá lọ gbé e sí iwájú ilé Bùrẹ́ímọ̀ tó ń ta páànù. O bọ́ bàtà, o ká aṣọ sókè, o rìn wọlé bí ẹni tó ti oko ẹ̀gẹ́ bọ̀. O rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn èrò ọjà ń kí Bùrẹ́ímọ̀ kú oríire mọ́tò tuntun, kò sì sọ fún wọn pé kì í ṣe tòun. Àmín ló ń ṣe ṣáá. Èmi ni mo bímọ, òun ni wọ́n ń kí kú ewu. Ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé mọ́tò ọmọ mi kò ní sùn níwájú ilé ẹlòmíràn mọ́.

Mo lọ pe Mùsáfírù, bíríkìlà ará Ìkìrun tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ. Ó wo ibẹ̀, ó ní íńtálọ́ọ̀kì ló wà lóde báyìí, pé òun ni wọ́n fi ń ṣe iwájú ilé àwọn olówó ní Magboro. Mo ní ó dára, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa wà? Ó ní kò ní kọ́kọ́rọ́. Mo ní lọ́ọ̀kì wo ni kò ní kọ́kọ́rọ́? Ó wá sọ iye tí wọ́n ń ṣe mítà kan, ó ní tiwa á gbà tó ọgọ́ta mítà. Sàúdátù, ara mi bù máṣọ. Mítà iná kan ṣoṣo tó wà lára ògiri wa, iná kì í sí, owó rẹ̀ kì í yẹ̀. Ọgọ́ta ńkọ́? Mo sọ fún un pé ọ̀nà ni mo fẹ́ ṣe, n kò fẹ́ gba iná kún un. Ìyá rẹ ló là wá, ó ní kí Mùsáfírù da kọnkéré lásán fún wa, kí a fi ti àwọn olówó sílẹ̀ fún àwọn olówó.

Kọnkéré náà kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Iye tí wọ́n bá pe sìmẹ́ǹtì láàárọ̀ kọ́ ni wọ́n ń pè é lọ́sàn-án. Yanrìn ń bẹ, òkúta wẹ́wẹ́ ń bẹ, owó lébìrà ń bẹ, ìrẹsì tí wọ́n jẹ náà ń bẹ. Mo lọ gba owó tí o fi sí báńkì. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ ni kí n ròyìn fún ọ. Dígí ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbé ènìyàn mì bí ejò ṣe ń gbé ọ̀pọ̀lọ́ mì. Ó gba gbogbo ènìyàn, nígbà tó kàn mí, ó kọ̀. Mo padà sẹ́yìn, mo ṣí fìlà, mo kí i dáadáa, mo ní ọmọ mi ló ní kí n wá, ó tún kọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ wá béèrè ohun tó wà lápò mi. Ọ̀bẹ tí mo fi ń bó ọsàn ni. Mo fà á lé e lọ́wọ́, ilẹ̀kùn sì gbà mí. Ilẹ̀kùn tó mọ ohun tó wà lápò ènìyàn!

Owó náà kò tó, n kò sì pè ọ́, nítorí mo fẹ́ kí ọwọ́ bàbá rẹ wà níbẹ̀. Mo ta gbogbo igi tíìkì tó wà létí odò lóko, mo fi owó rẹ̀ kún tìrẹ.

Nígbà tí wọ́n dà á tán, ó tẹ́jú débi pé n kò lè kúrò nídìí rẹ̀. Mùsáfírù ní kí ẹnikẹ́ni má tíì tẹ̀ ẹ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti mọ́tò. Mo fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, mo ta okùn yí i ká, mo gbé àga tì í. Ìmáàmù wa wá kí mi nírọ̀lẹ́, mo ní kí wọ́n dákun gba ẹ̀gbẹ́ kànga. Ìyá rẹ ní bí òun bá tún ayé wá, kọnkéré ni òun á bá wá.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ Ìbíwùnmí ṣẹlẹ̀. Ìyàwó télọ̀ tó gba yàrá lọ́wọ́ wa lẹ́yìn tí o lọ ni, o kò tíì mọ̀ ọ́n. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù rẹ̀. Ọ̀sán gangan, òjò ń rọ̀, ọkọ rẹ̀ ti lọ ra òwú ní Abẹ́òkúta, ni ọmọ bá mú un. Mo sáré lọ dá Yínúsà onítakisí dúró ní títì. Ó wo ẹrẹ̀, ó ní bí òun bá kó sí i, òun kò ní jáde bọ̀rọ̀, kí a gbé obìnrin náà wá bá òun. Gbígbé báwo? Ìbíwùnmí ti jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò lè gbé ẹsẹ̀. Yínúsà wá nawọ́ sí kọnkéré, ó ní ibí yìí ńkọ́?

N kò ní purọ́ fún ọ, ọmọ mi, n kò tètè dáhùn. Mo rí igi tíìkì mi lára rẹ̀, mo rí owó rẹ lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni obìnrin yẹn ké. Mo fi ọwọ́ ara mi já okùn, mo gbá imọ̀ ọ̀pẹ dànù, mo ní kí Yínúsà máa bọ̀. Táyà ń rì sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, etí mi ń gbọ́ ọ, mo ń sọ pé máa bọ̀, máa bọ̀. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn gan-an. A gbé e wọnú mọ́tò.

Bí wọ́n ṣe dé ilé ìwòsàn ló bí, obìnrin ni. Nọ́ọ̀sì sọ fún ìyá rẹ pé ìwọ́ ti wé mọ́ ọmọ náà lọ́rùn, pé bí wọ́n bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ì bá di ẹkún. Télọ̀ dé láti Abẹ́òkúta, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kọnkéré náà pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn rẹ̀. Mùsáfírù dé, ó ká ọwọ́ lérí, ó ní òun á fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ojú táyà yẹn. Mo ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní àwọn ará Magboro kò ní irú rẹ̀.

Bùrẹ́ímọ̀ náà wá síbi ìkómọ. Ó rìn ín lọ, ó rìn ín bọ̀, ó béèrè iye tó ná mi. Mo ní iye tó ná èmi àti ọmọ mi kò ṣeé sọ lójú àlejò.

Ohun tó kù báyìí ni géètì. Gbogbo ọlọ́kadà tó bá fẹ́ yí orí padà ní títì, ilé wa ni wọ́n ń wọ̀ wá yí i. Wọ́n á kí mi, inú mi á dùn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ adìyẹ kò ríbi sá sí. Wẹ́dà ti wá wọn ibẹ̀. Jọ̀wọ́ fi owó géètì ránṣẹ́, kí o fi ti ìgbálẹ̀ olójú líle kún un, nítorí ojoojúmọ́ ni mo ń fọ ọ̀nà náà. Má fi sórí fóònù o. Bí Nẹ́tíwọ̀kì bá mọ̀ pé owó wà níbẹ̀, n kò fọkàn tán an. Báńkì ni kí o fi sí, èmi àti ilẹ̀kùn wọn ti mọ ara wa.

Ọlọ́run tó fi ọ́ ṣe orí ire fún wa kò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ wa. O kò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ bá ti ń rì, ìwọ yóò máa rí ilẹ̀ líle tẹ̀. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sùlèímọ́nù Àkànní.

Ìyá rẹ ní n kò gbọdọ̀ lẹ ìwé yìí láìfi èyí kún un: ọ̀nà náà gba mọ́tò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ní òun kò sọ nǹkan kan o. Ó ní bí ẹbí ọkùnrin kan bá kàn ń rò ó pé àwọn fẹ́ wá mọ̀ wá, kí o sọ fún wọn pé kí wọ́n máa bọ̀, àní bí òjò bá ń rọ̀.