Ilé Tó Wà Lábẹ́ Iyanrìn

Ọjọ́ Ajé, 1 Sẹ́tẹ́ńbà 1913
Ojú-Ológbò – òyìnbó tó ń la ọ̀nà Kuta – dá iṣẹ́ dúró lónìí. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ kòtò létí odò, ni wọ́n bá kan àpáàdì tí wọ́n tò lóòró, ó le bí àpáta. Ilẹ̀ ilé ni. Ilé àwọn ará ìgbà láéláé tí ẹnikẹ́ni ní Ìwó kò mọ orúkọ wọn. Ó ní kí n ya bí ilé náà ṣe rí. Èmi akọ̀wé ọ̀nà! Ó dáa náà.

Ọjọ́rú, 3
Ihò òpó yí àgbàlá ká. Ààrò lẹ́yìn, eérú ṣì wà níbẹ̀. Ọlọ lẹ́bàá ògiri. Mo ya á tán, mo wò ó – àfi bí ilé Màmá! Ẹnu ọ̀nà kọjú sódò, yàrá àgbà lápá ọ̀tún. Inú mi dùn bíi ti ọmọdé.

Ọjọ́bọ̀, 4
Iyanrìn odò ló bo ilẹ̀ náà. Lórí iyanrìn, ilẹ̀ ilé mìíràn. Lórí ìyẹn, iyanrìn tún ni. Omi kó wọn lọ, àwọn mìíràn wá kọ́lé, omi tún dé. Ilé Màmá kò jìnnà síbẹ̀. N kò lè jẹun.

Ẹtì, 5
Mo lọ bẹ Màmá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní kí wọ́n wá máa gbé nínú ilé tuntun mi lẹ́bàá ọ̀nà, ibẹ̀ ga díẹ̀. Wọ́n ní, ta ni àwọn ó fi Bàbá sílẹ̀ fún? Inú yàrá wọn la sin Bàbá sí. Alaalẹ́ ni Màmá ń kí wọn kí wọ́n tó sùn. Àtọ́kẹ́ àbúrò mi ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ òyìnbó ti dà mí lórí rú.

Àbámẹ́ta, 6
Òjò. Láti àárọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 8
Egungun. Ẹnì kan lábẹ́ ilẹ̀ yàrá, wọ́n tẹ́ ẹ dáadáa, bí a ti ń sin àgbà. Ẹnì kejì lórí ilẹ̀, lọ́kàn-ánkán sàréè yẹn gan-an, nínú iyanrìn. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn ará ilé yòókù ti sá. Obìnrin yìí kò sá – mo sì mọ ìdí tí kò fi sá. Ojú-Ológbò ń bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́kún.

Ìṣẹ́gun, 9
Mo sọ ọ́ fún Màmá. Wọ́n ní, ta ló wá sin obìnrin náà? Mo ní kò sẹ́ni. "Háà! Ẹni ọmọ sin ló bímọ." Wọ́n dìde, wọ́n ń di ẹrù.

Ọjọ́rú, 10
Wọ́n ti dé! Wọ́n bu erùpẹ̀ orí sàréè Bàbá sínú igbá, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Wọ́n ní kí n gbẹ́ ilẹ̀ yàrá tuntun. Wọ́n sin ín síbẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀: "Bàbá Adébísí, ilé tuntun rèé o."

Àìkú, 14
Omi dé lánàá. Ó wó ilé Màmá, yàrá Bàbá ló kọ́kọ́ gbé lọ. Àtọ́kẹ́ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá.

Ìṣẹ́gun, 16
Màmá ní kí n ri ìdí àmù wọn mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Mo gbé ọkọ́. Kò tíì jìn rárá – iyanrìn odò. Lábẹ́ rẹ̀, ọkọ́ kan nǹkan líle. Àpáàdì. Wọ́n tò ó lóòró.

Yéè! Èmi ni mo fọwọ́ ara mi mú wọn wá síbí.

Mo sáré wọlé, mo ní kí á máa lọ sí Ilé-Ogbó, lọ́dọ̀ ẹbí wọn, lónìí olónìí. Wọ́n jókòó sórí ẹní, nítòsí ibi tí erùpẹ̀ náà wà. Wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Adébísí, n kò lọ síbì kankan mọ́. Bàbá rẹ ti wọlé."

Òjò ti ṣú níhà Kuta.