Èéfín Tó Ba Ìyá Wa Lẹ́dọ̀fóró Jẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin,

Ẹ kú àtijọ́ o. Mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ, títí kan èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Àwa náà wà. A ti tún òrùlé tó ń jò ṣe, eyín tó ń dun ọkọ mi sì ti fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Ìyá wa gan-an ni mo torí wọn kọ̀wé. Láti yàrá dé balùwẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń jókòó sinmi kí wọ́n lè mí. Mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó ní, "Màmá, sìgá mélòó lẹ ń mu lójúmọ́?" Wọ́n ní, "N ò fẹnu kàn án rí." Ó wá bi wọ́n léèrè iṣẹ́ wọn. Nígbà tó gbọ́ pé ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi yan búrẹ́dì nídìí ààrò onígi, nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, ó mirí. Ó ní èéfín yẹn ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Oògùn kàn lè dín ìnira wọn kù díẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ sọ fún gbogbo ẹbí pé Ìyá ń mu sìgá ní kọ̀rọ̀. Búrẹ́dì yẹn ló rán yín nílé ìwé! Mo fẹ́ pè yín kí n sọ ti ẹnu mi, àmọ́ Ìyá ní, "Fi í sílẹ̀, ọmọ mi ni."

Ọlọ́run á ṣọ́ yín níbi tí ẹ wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Ìyá kí ẹ bẹ̀ wọ́n, nígbà tí wọ́n ṣì ní èémí tí wọ́n lè fi dárí jì yín.

Èmi àbúrò yín.