Ètò Tó Ní Mi Ò Gbéyàwó Rí

Ọjọ́rú, Ọ̀bà-Ilé

Mosún ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí. Kò gbọdọ̀ tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ oníkòkó wá láti Oǹdó. Ẹgbẹ́ ṣe ètò kan tí wọ́n ń fi sínú fóònù, tí wọ́n fi ń kọ orúkọ àgbẹ̀. Àgbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú rẹ̀, wọn ò ní ra kòkó rẹ̀. Fóònù mi ti gbó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ki ètò náà sínú rẹ̀ kó tó ṣí.

Ó béèrè nípa ìyàwó mi. Mo ní ó ti kú. Ó tẹ “Kò gbéyàwó rí.”

“Bàbá, ẹ má bínú. Ìyẹn àti ‘Ó níyàwó’ nìkan ló wà níbẹ̀.”

Ìríra gbáà. Ìyá Mosún ló bá mi gbin oko kòkó mi.

“Yọ orúkọ mi kúrò.”

“Nínú ọ̀wọ́n yìí, Bàbá? Ta ni yóò ra kòkó yín?”

“Kí kòkó náà bu.”

Ó yọ ọ́. Àpò kòkó mẹ́fà ṣì wà ní yàrá.