Jíìpù Tó Wà ní Ògèrè

Òfin, Ṣàgámù.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, 1996.

Yúnúsà, ọmọ ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé Èkó ń gbà ọ́? Èmi ń bẹ. Orúnkún ló ń dùn mí, ẹnu kò dùn mí. Hàmdálátù àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ní kó má fi iyọ̀ sí i.

O ní kí n bá ọ wo jíìpù tí o fẹ́ sanwó rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo lọ sí Ògèrè, èmi àti Ọláníyọnu mẹkáníìkì. Ó ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n má ṣíná sí i kí a tó dé, torí ọkọ̀ tí wọ́n bá ti mú gbóná kì í sọ àìsàn rẹ̀. Nígbà tí a ṣíná sí i, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan, kò rú èéfín. Adétúnbọ̀ tó ń tà á ní, “Ìyá, dókítà kan ní Ìlíṣàn ló ni ín, ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ Sátidé nìkan ló ń gbé e lọ.” Mo bi í bóyá ọkọ̀ náà ló ń gbàdúrà.

Èmi kì í fi ojú òkè ra apẹ̀rẹ̀ obì. Mo ní kí wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn. Ti àtijọ́ wà lábẹ́ tuntun, ó ti ya, wọ́n sì ti rán an.

Gbogbo àwa tí à ń di obì ránṣẹ́ sí Òkè Ọya, oníkálukú ló ní bó ṣe ń ta kókó òwú ẹnu àpò rẹ̀, kí ẹrù má baà dàrú. Tèmi jẹ́ kókó mẹ́ta, mo sì máa ń fi ìdí òwú bọ àárín ìkejì. Kókó mi ni mo bá níbẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ mi ló ya kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ bàbá rẹ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ó kùn títí mo fi fi abẹ́rẹ́ àpò rán an.

Ọkọ̀ bàbá rẹ ni, Yúnúsà. Funfun ni lọ́jọ́ tó fi kọlu tírélà. A tà á bí irin àlòkù. Wọ́n ti nà án, wọ́n sì ti kùn ún ní dúdú. Ọláníyọnu wọ abẹ́ rẹ̀, ó ní ibi mẹ́rin ni wọ́n ti jó irin rẹ̀ pọ̀, pé bí o bá sáré, kò ní tọ́ lójú ọ̀nà.

Mi ò sunkún. Mo jókòó sí àyè bàbá rẹ díẹ̀. Àga náà tutù. Mo sọ̀kalẹ̀.

Má rà á. Bí jíìpù bá wù ọ́, ra èyí tí ẹni tó kọ́kọ́ gùn ún ṣì wà láàyè, kó lè sọ ohun tó ń ṣe é fún ọ.

Kí Ọlọ́run pa ẹsẹ̀ rẹ mọ́. Kó jẹ́ kí o sin mí. Mo ti sin bàbá rẹ, ó tó.

Èmi ni, ìyá tó bí bàbá rẹ,
Hàbíbátù.

Mo gbàgbé èyí: Adétúnbọ̀ bínú nígbà tí mo ní kí Ọláníyọnu fi abẹ gé ojú rírán náà fún mi. Mo ní kó bínú dáadáa. Ojú rírán náà wà nínú àpòòwé yìí. Má tú u.