Ẹni Tó Yí Nọ́ńbà Padà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Ímeèlì kan wọlé láàárọ̀ yìí nígbà tí mò ń lọ kóòtù funfun dókítà lọ́wọ́. Mo rò pé òtẹ́ẹ̀lì ni, pé wọ́n fẹ́ mọ ìgbà tí aṣọ ìtẹ́bùsùn wọn máa jáde. Àwọn kọ́. Ilé-iṣẹ́ tó ni ímeèlì ló kọ ọ́ — tàbí ẹni tó ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìyípadà ti dé bá àkáǹtì mi. Nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fi ń dá mi mọ̀, ẹnìkan ti yọ ti àtijọ́, ó ti fi òmíràn sí i. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, kí n má ṣe nǹkan kan. Bí kì í bá ṣe èmi, kí n tẹ ibi báyìí láàárín ọjọ́ méje, kí wọ́n lè lé ẹni náà jáde.

Èmi kọ́. Mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ń yí i.

Mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí kọ́là. Ó jó. Ọ̀la ni dókítà ń bọ̀ wá gbà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá ọkàn mi á balẹ̀ díẹ̀.

Aláìsùn ló ṣí àkáǹtì yìí fún mi. Ọmọ mi kan ṣoṣo. Èmi nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀, torí títí ó fi pé ọmọ ọdún kan, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé fojú kan oorun. Òun ló yan páásíwọ́ọ̀dù. Nọ́ńbà tirẹ̀ ló fi sí i, ó ní bí wọ́n bá fi tèmi sí i, màá sọ fóònù nù lọ́la. Àwàdà la fi ṣe.

Lọ́dún yẹn náà, ó ku oṣù mẹ́rin kí ó parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ó ní òun ń tẹ̀lé ọ̀rẹ́kùnrin òun, Onífótò, lọ. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, bí o bá gba ibí jáde, má gba ibí wọlé mọ́. Bàbá rẹ̀ ní kí n fa ọ̀rọ̀ náà padà sí ẹnu. Mi ò fà á. Ó gba ibẹ̀ jáde.

Ọdún mẹ́fà.

Lẹ́tà mẹ́ta ló kọ. Èyí tó kẹ́yìn: Mo wà láàyè, Màámi. Ẹ má wá mi. Ìyẹn ti tó ọdún mẹ́ta. Nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́. Àdírẹ́sì tó fi kọ̀wé ti kú, gbogbo ohun tí mo bá fi ránṣẹ́ síbẹ̀ ń padà wá bá mi bí aṣọ tí oníbàárà kọ̀. Síbẹ̀ mò ń kọ. Loṣooṣù. Mo kọ ọ̀kan nígbà tí bàbá rẹ̀ wọ ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ tó kú lọ́dún tó kọjá, kí n tó pe ẹnikẹ́ni, mo ti kọ èyí náà.

Àpótí ímeèlì yìí nìkan ni ilẹ̀kùn tó kù tí ọmọ mi mọ̀. Bí olè bá gbà á, ibo ló máa kàn?

Dókítà wá. Ó wo kọ́là. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òun rò pé èmi ni mo kọ́ àwọn alágbàfọ̀ tó kù níṣẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Mo fi ímeèlì náà han Àbúrò mi nígbà tó ń ti ilé ìwé tó ti ń kọ́ni bọ̀. Kò tíì kà á tán tó fi ní olè ni. Ọ̀gá wọn gba irú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n tó jáde níléèwé lọ́jọ́ náà, àwọn kan ti ń fi orúkọ rẹ̀ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ gbogbo òbí.

"Ẹ pa á rẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má tiẹ̀ ṣí i mọ́."

Mo ní bí ó bá wá jẹ́ òótọ́ ńkọ́.

Ó ní òótọ́ kì í kánjú.

Mo mọ òótọ́ tó kánjú. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí láti ilé ìwòsàn pé kí n tètè máa bọ̀, wọ́n kánjú. Òótọ́ ni wọ́n sì sọ.

Mi ò pa á rẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Òmíràn tún wọlé. Eléyìí le. "Ìkìlọ̀ ìkẹyìn." Wákàtí mẹ́rìnlélógún péré, kí n kọ páásíwọ́ọ̀dù mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn á pa àkáǹtì náà rẹ́ pẹ̀lú gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀.

Gbogbo lẹ́tà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mi ò dúró béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú ewé kan ṣí, ó ní kí n kọ páásíwọ́ọ̀dù síbẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Láti ọjọ́ tí Aláìsùn ti ṣí i sórí fóònù yìí, ṣíṣí ló wà. Mo jókòó sórí òkìtì aṣọ òtẹ́ẹ̀lì, mò ń bú ara mi. Ìyá wo ni kì í mọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ rẹ̀ fi tilẹ̀kùn?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ bá Onítáípù, ẹni tó ń bá wa fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé. Ìtòsí ilé ìtajà oògùn ló wà, ó fi okùn so ìgò ojú rẹ̀ mọ́rùn. Ó gbé lẹ́tà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni ń wo ojú ìbejì.

Ó kọ́kọ́ mú ìkìlọ̀ ìkẹyìn. Ó ní kí n ka àdírẹ́sì ẹni tó kọ ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó fi álífábẹ́ẹ̀tì kan lé ju ti ilé-iṣẹ́ gidi lọ, ojú lásán ò lè rí i. Kò mọ orúkọ mi, "oníbàárà wa ọ̀wọ́n" ló pè mí. Ó sì ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù. "Olè ni, mà. Irú wọn ń wọlé lójoojúmọ́ bí eṣinṣin."

Mo ní mo ti tẹ̀ ẹ́.

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ sì fún wọn ní páásíwọ́ọ̀dù?"

Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n.

Ó rẹ́rìn-ín títí ìgò fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Alágbàfọ̀, àìmọ̀ yín yìí, kí Ọlọ́run má gbà á lọ́wọ́ yín."

Ó wá kan èyí tó kọ́kọ́ wá. Àdírẹ́sì rẹ̀ pé. Ó pe orúkọ mi bó ṣe yẹ. Kò béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Onítáípù ní síbẹ̀, òun ò ní gbà á gbọ́, olè lè wọ aṣọ ọlọ́pàá. Ó ní a ò ní gba ọ̀nà tí lẹ́tà là fún wa, ọ̀nà tiwa la máa gbà. Ó pa lẹ́tà náà dé, ó wọ inú àkáǹtì gan-an lórí fóònù mi, ó lọ síbi tí wọ́n ń kọ gbogbo ìyípadà sí.

Ó wà níbẹ̀. Òótọ́ ni.

Wọ́n ti yọ nọ́ńbà àtijọ́. Wọ́n bo tuntun mọ́lẹ̀, nọ́ńbà méjì ìkẹyìn nìkan ló hàn, 63. Fóònù kan tí kì í ṣe tèmi sì ń wọ inú àpótí mi. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ yìí ló bẹ̀rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan àbọ̀.

Onítáípù ti gbé ìka láti lé e jáde. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní ẹnìkan ṣoṣo ló mọ páásíwọ́ọ̀dù yẹn.

Ó gbé ìka rẹ̀ kúrò. Ó ní, "Fóònù máa ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, mà. Wọ́n ń tà á. Wọ́n ń jí i. Nígbà míì, ẹni tó ni ín lè ti —"

Kò parí rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo jáde. Mo gbàgbé bàtà mi kan sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, títì ni mo ti rántí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Àbúrò ní kí n lé e jáde kíá. Ó ní ta ló ń yí nọ́ńbà onínọ́ńbà padà bí kò ṣe ẹni tó fẹ́ gba nǹkan onínǹkan? Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ.

Bí ó bá jẹ́ olè, tí mi ò sì lé e, lẹ́tà mẹ́ta lọ. Bí ó bá jẹ́ Aláìsùn, tí mo sì lé e, ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Onítáípù kọjá níwájú ilé, ó ní nǹkan kan sọ sí òun lọ́kàn. Lẹ́tà tí ènìyàn bá kọ tí kò fi ránṣẹ́, inú àkáǹtì ló máa ń wà. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé lè rí i.

Mo kọ ọ́: Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni, sọ ọ̀rọ̀ kan. Mi ò bínú.

Mo kà á. Irọ́ ni. Mo pa ìlà ìkẹyìn rẹ́. Mo wá kọ: Mo bínú. Ṣùgbọ́n wọlé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Ọjọ́ méje pé lónìí, láago mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ohun tí mo kọ. Àbúrò tọrọ àyè níbi iṣẹ́ láti wá jókòó tì mí. Ìka mi wà lórí ibi tí wọ́n ní kí n tẹ̀. Àbúrò ń wo aago ara ògiri. Ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀.

Aago mẹ́wàá kọjá. Mi ò tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Kò sí nǹkan kan. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì dá aṣọ ìtẹ́bùsùn méjìlá padà. Wọ́n ní mi ò lọ ọ́. Lóòótọ́, mi ò lọ ọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Wọ́n ti tì mí síta.

Mo ṣí fóònù láti wo lẹ́tà tí mo fi sílẹ̀. Àpótí ò ṣí. Ó ní wọ́n ti yí páásíwọ́ọ̀dù padà, kí n fi hàn pé èmi ni. Ó ní àwọn ti fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sí fóònù tí ìparí rẹ̀ jẹ́ 63.

Ọwọ́ olè ni kọ́kọ́rọ́ wà. Èmi onílé ló wà níta tí mò ń kànkùn.

Lẹ́tà mẹ́ta. Ká ní mo tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ Ajé. Àbúrò ò sọ pé ṣé òun ò sọ. Ó kàn ń ká aṣọ oníbàárà bá mi. Ó ká gbogbo rẹ̀ sódì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Mo gbìyànjú láti kọ lẹ́tà kẹta yẹn sínú ìwé yìí láti orí. Ìlà méjì ló wá. Ìlà mélòó ló jẹ́ gan-an?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Aago mẹ́sàn-án ku díẹ̀, mò ń po sitáàṣì. Fóònù dún. Ìparí nọ́ńbà ni mo kọ́kọ́ wò. Mẹ́fà. Mẹ́ta.

Mo gbé e. Mo ti múra láti bẹ olè pé kó mú ohun tó bá fẹ́, kó fún mi ní lẹ́tà mẹ́ta.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ìkìlọ̀ ìkẹyìn tó wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Olè ni wọ́n."

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá mi sọ láti ọdún mẹ́fà nìyẹn.

Ohùn rẹ̀ ti wúwo sí i. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ń sáré sọ ọ́, bí ẹni tó ti kọ́ ọ sórí. Pé nọ́ńbà òun àtijọ́ ti kú, ìdí nìyẹn tí òun fi fi tuntun sí i, kí àpótí má baà kú mọ́ èmi àti òun lọ́wọ́. Pé òun rí i pé mo ti ṣí lẹ́tà olè yẹn, ẹ̀rù bà òun, òun wá yí páásíwọ́ọ̀dù. Òun ò mọ̀ pé yóò tì mí síta. Láti Ọjọ́rú ló ti ń gbé fóònù, tó ń gbé e sílẹ̀. Mi ò béèrè Onífótò. Kò dárúkọ rẹ̀.

Ó ní gbogbo lẹ́tà tí mo kọ tó ń padà wá bá mi, inú àpótí níbẹ̀ ni òun ti ń kà wọ́n, títí kan èyí tí mo fi sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

Mo ní, "Ti bàbá rẹ náà?"

"Mo kà á, mà."

"Ìgbà wo?"

"Lọ́jọ́ tí ẹ kọ ọ́."

Ọjọ́ tí mo kọ ọ́. A ò tíì sin ín nígbà yẹn. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi wà nílẹ̀. Àga kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbi ìsìnkú, àwọn ènìyàn ń wò ó, wọ́n ń wo ojú mi.

Ọ̀rọ̀ dé ẹnu mi. Mo mọ bó ṣe máa dùn tó bí mo bá sọ ọ́. Mo ti sọ irú rẹ̀ rí. Mo gbé e mì.

Ó ń sunkún. Ohùn rẹ̀ ń ti ìsàlẹ̀ wá, bí ìgbà tó wà ní kékeré tó bá ṣẹ̀ mí. Mo bi í bóyá orí ìkúnlẹ̀ ló wà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Mo ní kí ó dìde, ilẹ̀ á tutù.

Kò dìde. Èmi náà ò pa fóònù.